Agbádá Orí Igi Ààlà

Ọdún mẹ́rìnlá ni òtítọ́ náà fi jókòó sínú Alájì Sìrájù, kò sì sí ẹni tó fura pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún 1979, lẹ́yìn ìrun alásàrì, ó pinnu pé òun kò ní gbé e wọ sàréè. Kì í ṣe pé ìgboyà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a o. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti pa ti tó o. Dókítà kan ní Cocody ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ti sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́. Síbẹ̀, ikú nìkan kò tó láti mú un sọ̀rọ̀. Oumarou ọmọ rẹ̀ ló fi gbólóhùn kan ṣoṣo fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sìrájù, ó sì ti ń ta aṣọ ní ọjà Treichville nílẹ̀ àjòjì láti ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba. Ó ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn Bingerville, lójú ọ̀nà Alépé, tí baba Yapi, àgbà abúlé kan níbẹ̀, fún un láti gbin kọfí sí. Ó tó ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ kò ti jẹ́ kó dé ibẹ̀ mọ́, igbó sì ti gba gbogbo rẹ̀. Oumarou, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Plateau, ló fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ igbó. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó ń ro ọ̀nà tí wọn yóò gbà.

"Papa, mo ti rò ó," ó ní. "Tí a bá gbé machine lọ, á ha gbogbo ojú ilẹ̀ dànù. Tí a bá ní ká fi àdá ṣán an, òjò á bá wa lẹ́nu ẹ̀. Iná ló dáa jù. Samedi, ọjọ́ Sátidé yìí, on brûle tout, ká sun gbogbo ẹ̀, c'est fini."

"Àwọn tó bá wa pààlà ńkọ́?" Sìrájù bi í. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Wọ́n á rí èéfín," ni Oumarou dáhùn.

Ohun tí Sìrájù náà sọ lọ́kàn rẹ̀ ní ọdún 1965 nìyẹn, kò fi ọ̀rọ̀ kan lé, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó rí imú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó rí ìkánjú ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù sì bà á ju bí ọ̀rọ̀ dókítà ṣe bà á lọ.

"Lọ pe Ràmúlátù wá," ó ní. "Pe Àdìzátù náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àgbàlá. Kí ìwọ náà padà wá jókòó. O ò ní sun igbó kankan títí wàá fi gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Opó ni Ràmúlátù. Moufoutaou ọkọ rẹ̀, ará Sakété ní Dahomey, ló ní oko kòkó tó bá ilẹ̀ Sìrájù pààlà, inú iná oko ló sì kú sí. Láti ìgbà náà ni Ràmúlátù ti ń gbé yàrá kan ní ìparí àgbàlá Sìrájù, ibẹ̀ ló sì ti tọ́ Àdìzátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí ọmọ náà fi lọ sílé ọkọ ní Adjamé. Ẹni tó bá dé àgbàlá náà kì í pẹ́ tó fi máa mọ ohun kan nípa Ràmúlátù: kì í dáná. Kì í fọwọ́ kan ìṣáná rárá. Àdìzátù ló ń dáná fún un tẹ́lẹ̀, nígbà tí Àdìzátù sì lọ, àwọn obìnrin ilé ló ń bá a gbé omi kaná. Bí kò bá sí ẹni tó ráyè, á jẹ attiéké, oúnjẹ gbágùúdá wọn, ní tútù pẹ̀lú ẹja tí wọ́n ti dín lójà, á ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Iná tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú abà ló pa ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bí òun náà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ràmúlátù wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Alájì. Wọ́n ní ẹ ń pè mí." Àdìzátù dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó," ni Sìrájù wí. "Mi ò ní lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi dá sí i. Tí mo bá dúró, màá tún rí irọ́ pa."

Ó wo àjà fún ìgbà díẹ̀, kó má bàa wo ojú ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Nígbà tí baba Yapi fún mi nílẹ̀ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́: kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, kí òun rí ojú ilẹ̀. Tí òun bá ṣì rí igbó, òun á fún ẹlòmíì. Nígbà yẹn, ìjọba ń sọ kiri pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló ni ín, gbogbo ayé sì ń wá ilẹ̀. Oṣù méjì péré ló kù fún mi. Mo lọ bá Moufoutaou, torí ó ti pẹ́ nínú igbó yẹn jù mí lọ. Mo ní, 'Moufoutaou, báwo ni kí n ṣe ṣán ibí yìí?' Ó ní, 'Àdá ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá ọkùnrin mẹ́rin, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ààlà. Ẹ gé e mọ́lẹ̀, ẹ kó o jọ sí àárín, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá sun ún díẹ̀díẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀.' Ọ̀rẹ́ mi Ọlọ́runtóyìn, tó ń wa ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ fún àwọn tó ń la ọ̀nà, ní òun lè bá mi mú katapílà wá. Moufoutaou mi orí. Ó ní katapílà á kó ọ̀rá ilẹ̀ lọ, pé kọfí ò ní ṣe dáadáa níbẹ̀. Èmi ò gba ti àdá, mi ò gba ti katapílà. Ọmọ ọ̀dàn ni mí. Nílé wa, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, iná la fi ń ṣán igbó. Wàá tiná bọ̀ ọ́ láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti mọ́. Mo rò pé igbó ibí àti igbó ọ̀hún, ọ̀kan náà ni.

"Ṣùgbọ́n nílé wa kan náà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í tiná bọ igbó láìkọ́kọ́ lọ sọ fún ẹni tó bá a pààlà. Wàá dé abà rẹ̀, wàá dá ọjọ́ fún un, òun náà á gbé ọkọ́ wá, ẹ ó jọ ro ojú ààlà kí iná má bàa rí ọ̀nà kọjá. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àdá mú mọ èyí. Moufoutaou ti rí i lójú mi pé iná ló wù mí. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ iná náà lẹ máa lò, ẹ dákun, ẹ sọ ọjọ́ fún mi. Kòkó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa so ni.' Mo ní, 'Ìwọ náà, irú ènìyàn wo lo rò pé mo jẹ́? Màá sọ fún ẹ.' Mo búra fún un. Ẹ wò mí dáadáa, ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo fi búra."

Ó dúró mí. Ràmúlátù kò tíì gbé orí sókè.

"Mi ò sọ fún un," ni Sìrájù wí. "Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, á ní ká ro ojú ààlà, ìyẹn á gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Á tún ní ká dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀. Ara mi ò gbà á. Mo wá mú ọjọ́ Jímọ̀, vendredi, torí pé gbogbo vendredi ló máa ń lọ kírun ní Bingerville. Mo ní kó tó padà dé, iná á ti kú. Mo ní tó bá wà lọ́nà, á rí èéfín."

"Kò lọ ní Jímọ̀ yẹn," ni Ràmúlátù wí, jẹ́jẹ́. "Ibà ń ṣe é."

"Mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, Ràmúlátù, mi ò mọ̀ pé ó wà nílé."

Oumarou sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi ti lé sí i lójú. "Papa, accident ni," ó ní. "Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. C'était un accident. Tantie Ràmúlátù náà gbọ́ ọ."

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Àyè gbòòrò kan ṣí sílẹ̀ fún Sìrájù, ọmọ rẹ̀ tìkára rẹ̀ ló sì bá a ṣí i. Bó bá dákẹ́ síbẹ̀, wọn á sunkún, wọn á dárí jì í, á sì kú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Ó wù ú. Kí n má tan yín, ó wù ú gan-an, ó sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Nígbà náà ló rí ọwọ́ Ràmúlátù. Obìnrin náà ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá dá iná sítòsí rẹ̀. Sìrájù yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Oumarou.

"Kì í ṣe accident," ó ní. "Jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Agbádá aláró kan ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, èyí tí wọ́n fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn. Ẹ wo ènìyàn tó fẹ́ lọ sun igbó, tó sì wọ aṣọ Jímọ̀ lọ síbẹ̀ kí àwọn ará abúlé lè mọ̀ pé oníṣòwò Treichville ló ń kọjá. Mo bọ́ ọ kó má bàa dọ̀tí. Mo fi kọ́ ẹ̀ka igi obì tó wà lójú ààlà, ó ku èmi àti bùbá, mo sì ṣá ìṣáná. Iná yẹn ò rìn, eré ló ń sá. Títí ọ̀sán, ibi tí mo fẹ́ kó gbà ló ń gbà. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ pé Moufoutaou á wá rí i pé èmi náà mọ iṣẹ́. Bí oòrùn ṣe yẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yí padà, iná kọjú sí kòkó. Ewé gbígbẹ ló sì kún ìdí kòkó. Mo sá jáde, mo gun òkúta ńlá kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn."

Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Àdìzátù bu omi wá, ó gbé e sí i lẹ́nu. Sìrájù ti ife náà kúrò. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá gbé omi náà mì, ọ̀rọ̀ tó kù á bá a wọlé padà.

"Ohùn Moufoutaou ni. Orúkọ mi ló ń pè. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n Sìrájù, níbo lẹ wà? Mo rí aṣọ yín. Ẹ gba ọ̀dọ̀ mi, odò wà níbí.' Ó rò pé iná ti ká mi mọ́. Odò wà lẹ́yìn abà rẹ̀ lóòótọ́, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Kò lọ síbẹ̀, èmi ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí, ẹ̀ẹ̀kẹta sún mọ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kejì lọ, ìyẹn ni pé inú iná ló ń wọ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: mo ti jáde. Kí n ṣáà sọ pé mo ti jáde, á yí padà, á bọ́ sínú omi, ì bá wà láàyè dòní. Mo la ẹnu. Mo wá rò ó pé tí mo bá dáhùn, á mọ̀ pé èmi ni mo tiná bọ igbó, á sì rán mi létí ìbúra mi. Ìtìjú ni mo ń sá fún. Mo pa ẹnu dé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dí etí mi. Nígbà tí mo mú ọwọ́ kúrò, kò pè mí mọ́."

Lójú pópó, àwọn taxi ń fọn fèrè, ẹnì kan sì ń gún foutou ní ilé kejì. Oumarou ti sún sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Aṣọ kan wà ní ìkúùkù rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá," ni Ràmúlátù wí nígbà tó yá. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń rántí ohun tó ti bi ènìyàn léèrè rí. "Ìwọ̀nba tí iná ò jó. Wọ́n ní aṣọ ìbora wa ni, pé ó fẹ́ fi pa iná. Mo sọ fún wọn pé a ò ní aṣọ oníṣẹ́ funfun. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tèmi."

"Tèmi ni," ni Sìrájù wí. "Ó ń gbé e bọ̀ wá fún mi ni."

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù fún Ràmúlátù ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo bá Ọlọ́runtóyìn pàdé lójú títì pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí eérú lára mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún mi. Ó ní, 'Pa ẹnu mọ́. Ṣé o ti gbàgbé 1958 ni, bí wọ́n ṣe lé àwọn ará Dahomey dé èbúté? Tí wọ́n bá gbọ́ pé àjòjì ló sun oko, gbogbo wa ni wọ́n máa lé.' Mo ní òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe torí àwọn ènìyàn wa ni mo fi dákẹ́ o, torí ara mi ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ dára fún ojo, mo sì gbà á. Ní ọjọ́ kejì, mo wá sí abúlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn. Baba Yapi àti ọlọ́pàá gendarme méjì kó gbogbo wa jọ, wọ́n ní níbo ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń wá irọ́ tí màá pa. Kí n tó rí i, ìwọ Ràmúlátù ti ké. O ní ìwọ lo pa á, pé o fi ẹyin iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò àgbo rẹ̀ kó o tó gbé Àdìzátù lọ sọ́jà. Gbogbo ojú yí sí ẹ. Mo rí ọ̀nà tí màá gbà jáde, mo sì gbà á. Mo ní, 'Mo ti kìlọ̀ fún wọn rí nípa iná inú abà yẹn.' Mi ò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lé ẹ kúrò lórí ilẹ̀. Mo gbé ẹ wá síbí, gbogbo Treichville sì ń yìn mí pé mo ṣàánú opó àti ọmọ rẹ̀. Mo gba ìyìn náà, ó sì dùn mọ́ mi. Mo gbin kọfí sórí ilẹ̀ tí iná ṣán fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Ràmúlátù, iná rẹ ò jáde kúrò lábẹ́ ìkòkò. Ìta ni iná ti wá bá abà yẹn. Iná tèmi ni."

Àdìzátù bú sẹ́kún. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ tí àwọn ọmọ àgbàlá ń pe ìyá rẹ̀ ní ìyá oníná, tó sì ń bá wọn jà nítorí rẹ̀ láìní ohun tó lè fi dá wọn lóhùn.

"Mo bẹ yín," ni Sìrájù wí. "Mi ò bẹ yín torí pé mo fẹ́ kú. Ẹni tó fẹ́ kú pọ̀ ní ìlú yìí tí kò pa ẹnikẹ́ni. Mo bẹ yín torí ohun tí mo ṣe. Oumarou, ìwọ tó o ní wọ́n á rí èéfín, ẹni tó bá ẹ pààlà ni kó o kọ́kọ́ lọ bá kó o tó wá àdá, kó o tó wá ìṣáná. Tó bá ní kó o dúró, dúró. Kí ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kò burú. Mo rí i gbà, ẹ sì wo ohun tí mo fi gbà á."

Ràmúlátù jẹ́ kí ó parí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pe Sìrájù ní Alájì mọ́, bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀ ló ṣe bá a sọ ọ́.

"O rí mi tí mò ń jẹ oúnjẹ tútù fún ọdún mẹ́rìnlá."

"Mo rí ẹ."

"O rí mi nínú ààwẹ̀, tí mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, kí wọ́n bá mi gbé omi sàárì kaná."

"Mo rí ẹ."

"Ìwọ náà lo sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Sìrájù wí, ó sì ń sunkún.

"Mi ò lè dárí jì ẹ́ lónìí," ni Ràmúlátù wí. "Mi ò ní fi ẹnu lásán sọ ọ́. Samedi tí Oumarou fẹ́ lọ sun igbó, ìwọ lo máa lọ. Wàá jókòó níwájú àwọn ọmọ baba Yapi àti gbogbo àwọn tó lé mi, wàá sọ ohun tó o sọ fún mi yìí, títí dé orí aṣọ. Tó o bá padà dé, bi mí léèrè nígbà náà."

"Tantie, Papa ò lè rìnrìn àjò," ni Oumarou wí. "Dókítà ní kó má kúrò lórí ẹní."

"Ẹ gbé mi lọ," ni Sìrájù wí. "Bí mo bá kú lọ́nà, kí ìwọ Oumarou dé ibẹ̀ kó o sọ ọ́. O ti gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Oumarou fi ọwọ́ nu ojú. Ó béèrè pé, "Igbó náà ńkọ́?"

"Àdá," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ààlà."

Ràmúlátù dìde, ó sì jáde lọ sí abẹ́ òrùlé páànù tí àwọn obìnrin ilé ti ń dáná. Ó bu èédú sínú ààrò, ó mú páálí ìṣáná kan lórí pákó. Àdìzátù sáré tẹ̀ lé e láti bá a ṣe é. "Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. Ìṣáná àkọ́kọ́ ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èkejì kú. Ẹ̀kẹta ló mú. Àwọn obìnrin tó ń gé àlùbọ́sà fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó fẹ́ iná náà títí èédú fi pọ́n, ó gbé ìkòkò omi kan lé e, ó wẹ ọwọ́, ó fi ìborùn bo orí, ó ní òun ń lọ ra ẹja lójà. Ó sì gba ẹnu ọ̀nà àgbàlá jáde, kò wo ẹ̀yìn. Láti orí ẹní rẹ̀, Sìrájù ń gbọ́ bí èédú ṣe ń ta pàrà lábẹ́ ìkòkò náà, títí omi fi hó.